Aṣọ Púpọ̀, Àkísà Kan: Òwe fún Ẹni Tó Ní Gìtá Púpọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Baba olówó lè kó ogún aṣọ fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kò sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta àkísà ẹni fún ni. Kí aṣọ tó di àkísà, ó ti mọ oko, ó ti mọ òde. Òjò ti pa á, oòrùn ti pa á. A ti fi pọn ọmọ, a ti fi di ẹrù. Ọjọ́ ló ń sọ aṣọ di àkísà.

A sábà máa ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún èwe tó ń bá àgbà figagbága, kó lè mọ̀ pé ìrírí kò ṣeé fowó rà. Ìtumọ̀ yẹn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n tí a bá tún òwe náà yẹ̀ wò, ó ń sọ pé ọ̀tọ̀ ni kí a ní nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan náà mọ́ wa lára. Ibẹ̀ ni òwe yìí ti kan àwa tí a ní gìtá púpọ̀ tí a ṣì ń bi ara wa pé èwo gan-an ni tiwa.

Gìtá mẹ́ta ló wà nílé mi ní Alakahia, lẹ́bàá títì East-West, ládùúgbò ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Port Harcourt. Àkọ́kọ́ jẹ́ gìtá ńlá olókùn irin tí wọ́n ń pè ní dreadnought. Èkejì jẹ́ olókùn náílọ́ọ̀nù. Ẹ̀kẹta kéré, pákó àlẹ̀pọ̀ ni wọ́n sì fi ṣe é.

Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yàtọ̀. Orúkọ ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi pe dreadnought, nítorí títóbi rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Martin ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe é lọ́dún 1916 fún ilé ìtajà Ditson. Àyà rẹ̀ fẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń bú, ó dára fún ẹni tó ń fi gìtá gbe orin láàárín èrò. Gìtá olókùn náílọ́ọ̀nù tẹ̀ lé àpẹẹrẹ tí Antonio de Torres fi lélẹ̀ ní Sípéènì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Níbi tí okùn ti bẹ̀rẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, ó máa ń fẹ̀ tó mílímítà 52, nígbà tí ti olókùn irin sábà máa ń jẹ́ 43 tàbí 44. Ìyàtọ̀ náà kò tó ìbú ìka kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ mọ̀ ọ́n.

Nínú ọ̀wọ́ dùndún, ta ni yóò béèrè pé èwo ló dára jù láàárín ìyáàlù àti gúdúgúdú? Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, gúdúgúdú ló ń di ìró mú lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gìtá: orin tí a fẹ́ fi kọ ni a ó kọ́kọ́ bi léèrè. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà wà lára àwọn tó tan àṣà fífi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ta gìtá káàkiri etíkun wa. Jacob Sam àti Kumasi Trio rẹ̀ láti Gánà gbé irú rẹ̀ sínú àwo orin ní London lọ́dún 1928, nígbà tí wọ́n gba orin Yaa Amponsah sílẹ̀. Irú títa bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kí okùn kọ̀ọ̀kan dá sọ̀rọ̀ kedere. Nígbà tí ẹgbẹ́ jùjú ń fẹ̀ sí i ńkọ́? Ayinde Bakare fi ẹ̀rọ gbé ohùn gìtá rẹ̀ sókè ní 1949. Ohun tó yẹ orin rẹ̀ nígbà náà ló ṣe.

Lẹ́yìn orin, ó kan ilẹ̀ tí a ń gbé. Òjò tó ń rọ̀ ní Port Harcourt lọ́dún ju 2,000 mílímítà lọ. Àwọn tó ń ṣe gìtá fẹ́ kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún; tiwa níhìn-ín sábà máa ń kọjá 80. Gìtá tí ojú rẹ̀ jẹ́ ojúlówó igi a mu ọ̀rinrin náà, ikùn rẹ̀ a wú, okùn a ga kúrò lọ́rùn, ìka a sì máa ro ni. Okùn irin a dípẹtà. Pákó àlẹ̀pọ̀ kì í sábà dún tó ojúlówó igi, ṣùgbọ́n ó ń fara da òjò jù ú lọ. Ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ gìtá ilé-iṣẹ́ Taylor ní Amẹ́ríkà jẹ́ igi sapele, igi tó gba orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ ìlú Sapele ní Ìpínlẹ̀ Delta, tí kò jìnnà sí wa. Igi tó dàgbà nínú ọ̀rinrin, tí wọ́n wá gbẹ kó tó di gìtá, bó bá tún padà dé ọ̀dọ̀ wa, yóò tún mu omi. Ìdí nìyí tí gìtá tó wọ́n jù fi lè má jẹ́ èyí tó yẹni jù.

Ní ilé mi, gìtá ńlá ṣì ń dán bí aṣọ ọdún. Èyí tó kéré jù lọ ni fáníìṣì rẹ̀ ti họ níbi tí apá mi máa ń gbé. Bí iná bá lọ lóru, ọwọ́ mi mọ ọrùn rẹ̀ nínú òkùnkùn. N kò jókòó yàn án. Òun ni mo ń gbé nígbà tó bá rẹ̀ mí, òun ni mo ń gbé nígbà tí inú mi bá dùn. Òun ni àkísà mi.

Ìwọ tó ní gìtá mẹ́rin, má tíì lọ ra ìkarùn-ún. Mú ọ̀kan, fi odindi ìgbà òjò ta á lójoojúmọ́, kí o tó mú òmíràn. Wo èyí tí ọwọ́ rẹ ń wá láìjẹ́ pé o rán an. Tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí rẹ̀ nígbà òjò, má sì jẹ́ kó fara ti ògiri tútù. Ìyókù tí kò rí ọwọ́ ta á, fún ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ akọrin àdúgbò rẹ, kí òun náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ aṣọ di àkísà.