Ọ̀rọ̀ Òfin Gẹ̀ẹ́sì Lẹ́nu Ògbufọ̀: Èdè Ilé Ẹjọ́ ní Ìbàdàn láti 1893

Àwọn onítàn tí wọ́n ti kọ nípa àdéhùn tí Ìbàdàn bá ìjọba Èkó ṣe ní oṣù kẹjọ ọdún 1893 kò yé sọ̀rọ̀ lórí ọmọ ogun, owó oríbodè àti agbára àwọn ìjòyè tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Wọn kì í sábà dúró lórí èdè. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìṣàkóso tuntun náà ní èdè tirẹ̀, ilé ẹjọ́ sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ará ìlú ti kọ́kọ́ bá a pàdé lójúkojú. Iṣẹ́ yìí yẹ̀ wò bí ọ̀rọ̀ òfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe di ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ́nu àwọn ará Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Màpó àti Bẹyẹrúnká. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ tí a yá, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ pé àjèjì ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá gidi tí ó dà bí ẹni pé wọ́n bá ti Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba ni ewu wà nínú wọn.

Kí òyìnbó tó dé, ẹjọ́ ní ipa ọ̀nà tí ó ń tọ̀. Iwájú mọ́gàjí ni aáwọ̀ inú agboolé ń dé. Bí ó bá ju agbára rẹ̀ lọ, a gbé e tọ ìjòyè tí agboolé náà ń sìn, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ àti ìgbìmọ̀ rẹ̀. (Baálẹ̀ ni oyè olórí ìlú náà títí di 1936 tí a sọ ọ́ di Olúbàdàn.) Èdè tí a fi ń ṣe gbogbo èyí ti gbó. Láti ara ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹjọ́, ni a ti rí pẹjọ́, rojọ́, jẹ́jọ́, gbẹ́jọ́ àti dájọ́. Èdè náà kò sì kọ ọ̀rọ̀ àlejò. Sẹ̀ríà tí a ń dá fún arúfin, inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá. Gbogbo òfin ẹ̀sìn ni ó dúró fún níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyà nìkan ni Yorùbá mú nínú rẹ̀. Bákan náà ni ó rí fún béèlì nígbà tí ó yá. Nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì, ìdánisílẹ̀ ni béèlì, kí olùjẹ́jọ́ lè máa ti ilé wá jẹ́jọ́. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará ìlú, ó di owó tí a san, ẹni tí a sì ti gba béèlì rẹ̀ ti bọ́. Ìdí rèé tí àwọn ọlọ́pàá fi ní láti máa kéde títí di òní pé ọ̀fẹ́ ni béèlì.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a yá báyìí pọ̀: kóòtù, lọ́yà, mágísíréètì, sámáǹsì. Ìjíròrò lórí wọn kò le, nítorí ẹni tí a bá fún ní sámáǹsì tí kò mọ ohun tí ó jẹ́ yóò béèrè. Ọ̀wọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí a na ìtumọ̀ wọn. Irin tí a fi ń de ènìyàn ni ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí ilé ìtìmọ́lé ìjọba dé, orúkọ irin náà di orúkọ ilé àti orúkọ ìjìyà, tí a fi ń sọ pé ẹnì kan lọ sẹ́wọ̀n bí kò tilẹ̀ sí ohunkóhun lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Aṣojú ìjọba Èkó ní Ìbàdàn, tí Captain R. L. Bower kọ́kọ́ jẹ́, ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Ajẹ́lẹ̀ ni Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ń pe àwọn tí ó ń fi sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó ti ṣẹ́gun. Àwọn tí ó sọ òyìnbó lórúkọ yìí mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Bíbélì pẹ̀lú lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Inú ìtumọ̀ tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ ka dídá láre àti alágbàwí ní ojú ìwé. Síbẹ̀ alágbàwí kù sí ṣọ́ọ̀ṣì. Agbẹjọ́rò ni ó borí níta, bóyá nítorí pé iṣẹ́ tí ènìyàn fi ojú rí ni ó sọ: ẹni tí ó gba ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ rò. Èyí tí ó dára jù nínú gbogbo wọn ni kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Gbólóhùn tí olùjẹ́jọ́ lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni a sọ di orúkọ ilé ẹjọ́ gíga. Kò sí atúmọ̀ tí ó jókòó ti ìwé atúmọ̀ èdè nìkan tí yóò rí irú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ò lè di ti ìlú láìsí ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ ọ́, ẹni náà sì ni ògbufọ̀. Ní 1904, Ìbàdàn fọwọ́ sí àdéhùn tí ó jẹ́ kí Kóòtù Gíga Jù Lọ ti ìjọba máa gbọ́ àwọn ẹjọ́ ńlá bí ìpànìyàn. Lẹ́yìn náà ni òfin 1914 ti Lugard dé. Ó gbé ẹjọ́ àwọn ìgbèríko fún Kóòtù Agbègbè, níbi tí Ajẹ́lẹ̀ àti àwọn òyìnbó tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe adájọ́, ó sì lé lọ́yà kúrò níbẹ̀ àti ní kóòtù ìbílẹ̀. Ó di 1933, nígbà ìjọba Donald Cameron, kí Kóòtù Agbègbè tó di ohun àfìsẹ́yìn, tí lọ́yà sì tó lè dúró ti olùjẹ́jọ́ ní kóòtù gíga tí ó rọ́pò rẹ̀. Fún nǹkan bí ọdún 19, nígbà náà, adájọ́ tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá lè máa gbọ́ ẹjọ́ tí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀ láìsí agbẹjọ́rò kankan. Bí adájọ́ náà kò bá gbọ́ Yorùbá, ohun tí ògbufọ̀ bá sọ ni olùjẹ́jọ́ sọ.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ògbufọ̀ níláti túmọ̀ ni ó ṣòro jù: ǹjẹ́ o jẹ̀bi àbí o kò jẹ̀bi? Nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì, ìdáhùn sí i jẹ́ ìgbésẹ̀ òfin. Ẹni tí ó bá ní òun jẹ̀bi ti gba gbogbo ẹ̀sùn náà, adájọ́ sì lè dá ìjìyà fún un láìpe ẹlẹ́rìí kan. Ṣùgbọ́n lójú Yorùbá, ẹ̀bi kì í ṣe ti olùjẹ́jọ́ láti pín fún ara rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ni ó ń gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbọ́ tọ̀tún-tòsì, a sì lè pín in, kí ẹnì kan jẹ ìdá púpọ̀, kí ẹnì kejì jẹ díẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, mo jẹ̀bi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtẹríba. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń bá wí, ìyàwó tí ó kúnlẹ̀ fún àna, wọ́n lè sọ ọ́ kí inú àgbà lè rọ̀, kí wọ́n tó wá ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an. Iwájú àwọn ìjòyè nínú kóòtù ìbílẹ̀, kò sí ẹni tí kò ní mọ irú mo jẹ̀bi tí èyí jẹ́. Nínú ìwé adájọ́ tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, irú kan ṣoṣo ni ó wà.

Òfin fúnra rẹ̀ kò ṣàìmọ ewu yìí pátápátá. Nínú ẹjọ́ tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú, àṣà ilé ẹjọ́ ni pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé olùjẹ́jọ́ kò jẹ̀bi, kódà bí ó bá ní òun jẹ̀bi, kí a sì gbọ́ ẹjọ́ náà délẹ̀. Ẹni tí a mú fún ewúrẹ́ tàbí fún ìjà ọjà kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe pa náà rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn tí ó di ti gbogbo Nàìjíríà ní 1916 ya ìpànìyàn sí oríṣi méjì: ọ̀kan gba ikú, èkejì kò gbà á. Èrò ọkàn apànìyàn wà lára ohun tí a fi ń yà wọ́n. Ó pa á kò sọ èyíkéyìí nínú wọn. Àfi kí a fi mọ̀ọ́mọ̀ tàbí ṣèèṣì kún un. Bí ẹni tí ọ̀kọ̀ ọdẹ rẹ̀ ba èèyàn nínú ìgbẹ́ bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, òun ni òun pa á, òótọ́ ni ó sọ. Ọwọ́ ògbufọ̀ ni ó kù sí bóyá yóò túmọ̀ òótọ́ náà bí ó ti rí.

Kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn nìkan. Ní 1921, nínú ẹjọ́ ilẹ̀ tí Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, gbé dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, Viscount Haldane kìlọ̀ fún àwọn adájọ́ kí wọ́n má ṣe máa fi ọ̀rọ̀ tí ó bá òfin Gẹ̀ẹ́sì nìkan mu ṣàlàyé ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀, nítorí pé wọ́n lè máa ṣe é láìfura. Olúwa ni a dá láre. Láti ìgbà náà ni ó ti túbọ̀ rọrùn láti lóye ìdí tí àwọn adájọ́ fi fi ọ̀rọ̀ bí ìṣákọ́lẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá láàárín Gẹ̀ẹ́sì wọn. Ẹni tí ó pè é ní owó ilé ti sọ olówó ìṣákọ́lẹ̀ di ayálégbé, ìyẹn sì yàtọ̀ sí ẹni tí ó ń fi iṣu tàbí owó jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ ní onílẹ̀.

Òfin Kóòtù Ìbílẹ̀ ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní 1957 tún àwọn kóòtù wọ̀nyí tò. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1979, àti ti 1999 lẹ́yìn rẹ̀, fún ẹni tí a fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ẹ̀sùn náà ní èdè tí ó yé e, àti láti ní ògbufọ̀ láìsan owó. Ẹ̀tọ́ ńlá ni. Àmọ́ kò dárúkọ ẹ̀kọ́ tàbí ìdánwò tí ògbufọ̀ náà gbọ́dọ̀ yege. Títí di òní, ní kóòtù ìbílẹ̀ ti Màpó, nísàlẹ̀ gbọ̀ngàn tí a ṣí ní 1929, tọkọtaya tí ó fẹ́ pínyà ń fi Yorùbá rojọ́ fún adájọ́ tí ó gbọ́ Yorùbá, tí akọ̀wé sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbé e lọ sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, Gẹ̀ẹ́sì akọ̀wé yẹn ni wọn yóò kà níbẹ̀.