Ọ̀wẹ̀ àti Iṣẹ́ Ipá: Ẹ̀kọ́ Ìtàn Kétu lórí Iṣẹ́ Àjùmọ̀ṣe Ìlú

Ẹnikẹ́ni tó bá gba ẹnu Àkàbà Ìdènà wọ Kétu ń kọjá níbi tí ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣiṣẹ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ọba Ṣà, Alákétu kẹrìnlá, ni ó mọ odi yí ìlú ká, tí ó sì gbẹ́ yàrà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Orúkọ ọba ni ìtàn dì mú, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọba kì í dá yàrà gbẹ́. Odi amọ̀ fẹ́ ẹni tí yóò wa ilẹ̀, ẹni tí yóò pọn omi, ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ po amọ̀, àti ẹni tí yóò tò ó ní ìpele kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì dúró kí ti ìsàlẹ̀ gbẹ kí ó tó gbé òmíràn lé e. Bí òjò ọdún kan bá sì ti kọjá, iṣẹ́ àtúnṣe ti dé nìyẹn. Odi tó wà fún ọ̀pọ̀ ìran jẹ́ ẹ̀rí pé ìran kan ń fi iṣẹ́ náà lé òmíràn lọ́wọ́.

Orúkọ oríṣiríṣi ni àwọn baba ńlá fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àáró ni ti ẹgbẹ́ kékeré. Àgbẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí agbára wọn dọ́gba á máa yí oko ara wọn ká, lónìí oko ẹni kìn-ín-ní, ní ọjọ́ mìíràn oko ẹni kejì, títí yóò fi kárí. Gbèsè ni àáró: ẹni tí wọ́n bá kọ ebè fún gbọ́dọ̀ kọ ebè padà. Ọ̀wẹ̀ gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí iṣẹ́ ńlá já lé léjìká, ìbáà ṣe ilé kíkọ́, òrùlé bíbò tàbí oko ṣíṣán, á ké sí ẹbí, àna àti aládùúgbò. Òun ni yóò wá oúnjẹ àti ohun mímu fún wọn. Kò sí ẹni tó ń ka ọjọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló mọ ẹni tí kì í wá. Èyí tó tóbi jù ni iṣẹ́ ìlú fúnra rẹ̀: ọ̀nà odò, ojú ọjà, ọ̀nà oko àti àfin ọba. Bí ìkéde bá ti dé, agboolé kọ̀ọ̀kan á yan àwọn tí yóò lọ. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

Ìgbà tí àṣà yìí bọ́ sínú ìdánwò jù lọ ni òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ogun Dàhòmì kọlu Kétu ní 1883, Alákétu tó wà lórí oyè sì kú nínú rẹ̀. Ní 1886, lábẹ́ Ọba Glèlè, ogun náà padà, ó sé ìlú mọ́, ó sì fọ́ ọ. Àwọn tí ikú kò pa di ẹrú ní ilẹ̀ Dàhòmì, àwọn mìíràn sì fọ́n ká sí àwọn ìlú tó yí wọn ká. Fún ọdún bí i méje, koríko ló jọba níbi tí ọba ti ń jókòó. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Faransé gba Abọ́mé ní 1892, àwọn ẹrú rí ààyè padà sílé, Alákétu Onyegen sì gorí oyè ní 1894.

Ohun tí wọ́n bá nílẹ̀ kò ju odi tó ti ń ya, yàrà tó ti hu igbó, àti àmì ibi tí ilé baba wọn wà. Kò sí ilé iṣẹ́ ìjọba kankan nígbà náà tí yóò kọ́ ilé fún ẹnikẹ́ni. Ìlú tí ó tún dìde níbẹ̀ kò lè ti ọwọ́ mìíràn wá ju ọwọ́ àwọn tó padà lọ. Ẹni tí ó bá ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí iṣẹ́ àìgbowó lè ṣe, kí ó wo Kétu: lẹ́yìn 1886, kò yẹ kí ìlú náà wà mọ́.

Ọ̀tá kejì tó dojú kọ ọ̀wẹ̀ kò mú idà lọ́wọ́. Nígbà tí ìjọba Faransé fìdí múlẹ̀, ó pàṣẹ pé kí àwọn ọkùnrin máa ṣiṣẹ́ ọ̀nà fún iye ọjọ́ kan lọ́dọọdún, láìgba owó. Ó ń kó àwọn ènìyàn ru ẹrù, ó ń gba owó orí, ó sì ń mú àwọn ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ ológun. Lójú ẹni tó dúró ní òkèèrè, iṣẹ́ ọ̀nà ìjọba àti iṣẹ́ ọ̀nà ìlú lè jọ ara wọn: ọkọ́ kan náà, àdá kan náà, ilẹ̀ kan náà. Àwọn tí ọkọ́ wà lọ́wọ́ wọn mọ ìyàtọ̀. Àwọn Ọ̀họ̀rí, nínú ilẹ̀ dúdú ẹlẹ́rẹ̀ wọn tí kò jìnnà sí Ìpòbẹ́, dìde lòdì sí i láàárín 1914 sí 1916, ìjọba sì fi ogun tẹ̀ wọ́n rì. Ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ di ẹrù wọn, wọ́n rékọjá ẹnubodè lọ sí ilẹ̀ Nàìjíríà, lọ́dọ̀ àwọn ìbátan wọn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi dìbò.

Àwọn tó sá kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn kan náà, tàbí ọmọ àwọn kan náà, ni wọ́n tún ìlú kọ́ ní 1894. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni iṣẹ́ tí ẹlòmíràn pè, tí ẹlòmíràn wọ̀n, tí èrè rẹ̀ sì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tó pe iṣẹ́ ń bọ́ àwọn tó wá; nínú iṣẹ́ ipá, òṣìṣẹ́ á gbé oúnjẹ rẹ̀ láti ilé. Nínú ọ̀wẹ̀, aláìsàn ní àwáwí, agboolé sì lè fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Nínú iṣẹ́ ipá, pàṣán tàbí ẹ̀wọ̀n ni ìdáhùn. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tó ṣiṣẹ́ lónìí mọ̀ pé òun náà yóò pe àwọn ènìyàn lọ́la.

Òfin ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946, tí Félix Houphouët-Boigny dá lábàá, fi òpin sí iṣẹ́ ipá ní gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Òfin lè mú pàṣán kúrò lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n kì í yára mú ìfura kúrò. Ìdí nìyí tí àwọn àgbàlagbà kan fi máa ń fojú pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo ìkéde iṣẹ́ ìlú títí di òní, pàápàá bí ó bá ti ọ́fíìsì wá.

Lónìí, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló gba ipò agboolé nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà ìdìbò àwọn kọ́múùnù tó wáyé láàárín 2002 sí 2003, ìgbìmọ̀ ìlú tí a dìbò yàn ti wà, owó orí sì ń wọlé fún un. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹgbẹ́ mọ ààlà: ohun tí ìgbìmọ̀ ti gba owó rẹ̀, kí ìgbìmọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n gbígbá ojú ọjà, títún ilé ẹ̀kọ́ rẹ́, ṣíṣán igbó yàrà, àti títọ́jú ibi àjogúnbá kò ní dúró de ìwé ìṣirò owó ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Kútọnu, ní Èkó àti ní Faransé ń fi owó ránṣẹ́, ọpẹ́ ni wọ́n yẹ fún. Owó wọn kò gbọdọ̀ sọ àwọn tó wà nílé di òǹwòran, bẹ́ẹ̀ ni ó sì tọ́ kí àwọn náà fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ nígbà ọdún ìbílẹ̀, kí wọ́n di ọkọ́ mú.

Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ pe iṣẹ́, ìtàn Kétu ti fi ìbéèrè mẹ́rin sílẹ̀ fún un. Ta ló pè é? Ta ni yóò jẹ èrè rẹ̀? Ṣé olórí náà yóò di ọkọ́ mú? Ṣé aláìlera lè sọ pé òun kò lè wá, kí ojú má sì tì í? Níbi tí ìdáhùn bá ti dára, kò sí ìdí láti fi owó ìtanràn dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Níbi tí kò bá ti dára, àwọn ènìyàn yóò tún ṣe ohun tí àwọn baba wọn ṣe ní ẹnubodè: wọn yóò fi ẹsẹ̀ dìbò.