Ta Ni Yóò Kọ Ìtàn Èèkù?

Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ tún òwe yẹn gbọ́ dáadáa. Wọn ò sọ pé ẹnu idà, wọn ò sì sọ pé irin. Èèkù ni wọ́n dárúkọ. Ẹni tí ò bá rí ibi dì mú, irin tó mú bí abẹ ò wúlò fún un. Síbẹ̀, tá a bá ń sọ ìtàn ọdẹ, Ògún la máa ń kì, alágbẹ̀dẹ la máa ń yìn. Ta ló ń ki èèkù?

Ìpínlẹ̀ Oǹdó tá a wà yìí gan-an ni ìtàn náà ti lè bẹ̀rẹ̀. Ní 1965, Thurstan Shaw àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ walẹ̀ nínú ihò àpáta kan tí wọ́n ń pè ní Iwo Eleru, nítòsí Ìsárun. Wọ́n rí egungun èèyàn tó ti lé ní 11,000 ọdún níbẹ̀, wọ́n sì rí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti gé kó lè mú. Irú òkúta kékeré bẹ́ẹ̀ ò ṣe é fọwọ́ lásán dì mú ṣiṣẹ́. Igi tàbí egungun ni wọ́n máa ń kì í bọ̀. Òkúta ló kù lónìí. Igi ti jẹrà. Ẹ ò rí i pé ọjọ́ ti pẹ́ tí ilẹ̀ ti ń jẹ èèkù, tó ń fi ẹnu ọ̀bẹ sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká tún wo Ọ̀wọ̀, tí kò jìnnà sí wa. Wọ́n ní idà oyè kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ udamalore, tí wọ́n máa ń fi eyín erin gbẹ́. Ọlọ́wọ̀ àtàwọn ìjòyè ńlá ló ń fi í ṣọ̀ṣọ́. Ìyẹn ò jẹrà, torí eyín erin ni, torí ilé ọba ló sì wà. Àwọn kan ti dé mùsíọ́mù òyìnbó. Ṣùgbọ́n idà oge ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń kun ẹran nínú igbó. Ti ọdẹ ńkọ́?

Tọdẹ ni mo bá dé ọ̀dọ̀ bàbá ọdẹ kan ní Etioro. Bàbá fà ọ̀bẹ wọn yọ nínú akọ̀, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Igi ayìn ni èèkù rẹ̀, torí pé ó le. Alágbẹ̀dẹ ti fi irin ṣóńṣó sílẹ̀ ní ìdí ọ̀bẹ, ó sì fi iná yan án títí tó fi pọ́n, kó tó kì í bọ igi. Irin yẹn ló fi iná la ọ̀nà fúnra rẹ̀. Tí ọyẹ́ bá mú, tí igi sún kì, tí èèkù wá ń mì, wọn á fi èèpá igi há a.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí èèkù náà ò rí roboto. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, òru ni mo ń lọ. Ojú mi wà lára ẹran, ọwọ́ mi ló ń bá mi wo ọ̀bẹ." Tó bá rí roboto, á máa yí lọ́wọ́, bó ṣe pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì yìí, ọwọ́ ti mọ ibi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí. Ìdí rẹ̀ wú díẹ̀ kó má baà bọ́. Awọ ẹran tútù ni wọ́n fi wé e. Bó ṣe gbẹ ló fún mọ́ igi, kí ọwọ́ tó kún fún òógùn àti ẹ̀jẹ̀ má baà yọ̀ lọ bá ẹnu ọ̀bẹ. Tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ọwọ́ á máa ro ẹni. Tó bá tóbi jù, ìka ò ní lè pàdé.

Bí ibi kọ̀ọ̀kan ṣe rí ni èèkù wọn ṣe ń rí. Ní Finland, níbi tí yìnyín pọ̀ sí, igi birch tàbí èèpo rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe é, torí kì í tutù lọ́wọ́ bí irin. Òtútù ni wàhálà tiwọn. Òógùn ni tiwa.

Nígbà tó yá, àdá òyìnbó dé. Ralph Martindale ní Birmingham kó àdá tó ní àwòrán ọ̀nì wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n fi ìṣó kan pákó méjì mọ́ irin, kò sì tètè mì. Ó dáa, mi ò bú u. Àmọ́ ìwọ̀n kan náà ni fún gbogbo ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí àgbẹ̀ àti ọdẹ tó ń fi ọ̀bẹ há èèkù àdá tuntun, tàbí tó ń fi tíúbù kẹ̀kẹ́ wé e. Wọ́n ń parí iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ ò parí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dùn mí sí nìyí. Bí ọ̀bẹ mú títí, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ìtàn náà ò sì lè kọ ara rẹ̀. Ní Àkókó wa yìí, èdè ìlú kan yàtọ̀ sí ti èkejì, orúkọ igi àti ti ara ọ̀bẹ náà lè yàtọ̀. Tí àwọn bàbá yìí bá lọ, igi á jẹrà, orúkọ á bá a lọ. Tẹ́ ẹ bá délé lẹ́yìn ìdánwò, ẹ wá ọdẹ kan tàbí alágbẹ̀dẹ kan lọ. Ẹ bèèrè igi wo ni, ta ló gbẹ́ ẹ, kí ni wọ́n fi wé e, kí ni wọ́n ń pè é ní èdè ìlú yín. Ẹ mú bírò dání o.