ÀJÀKÁLẸ̀ ÀRÙN ỌDÚN 1918 ÀTI ỌWỌ́ TÍ ÌLÚ KỌ̀Ọ̀KAN FI MÚ UN

Ní ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń re òpin ní ọdún 1918, tí gbogbo ènìyàn sì ń retí àlàáfíà, ni ogun mìíràn tí kò gbé ìbọn lọ́wọ́ yọ sí aráyé. Àrùn gágá ni. Àwọn baba wa ti mọ ikọ́ àti ọ̀fìnkìn tipẹ́, ṣùgbọ́n ti ọdún náà kò jọ èyí tí a ń fi àgbo lé lọ. Kì í ṣe arúgbó àti ọmọ ọwọ́ nìkan ni ó ń mú. Géńdé tí ó jí lọ sóko ní òwúrọ̀ lè dùbúlẹ̀ kí alẹ́ tó lẹ́. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé ó pa tó mílíọ̀nù 50 ènìyàn ní gbogbo ayé.

Àrùn kan náà ni ó kan gbogbo ilẹ̀, kò sì sí ilẹ̀ kan tí ó ní oògùn rẹ̀. Síbẹ̀, ikú rẹ̀ kò dọ́gba láti ibì kan dé ibòmíràn. Ìdí ọ̀ràn yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, nílé àti lẹ́yìn odi.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí erékùṣù Samoa ní àárín òkun Pàsífíìkì. Ẹ̀yà kan ni àwọn ará ibẹ̀, èdè kan ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì ń fẹ́ra wọn. Ṣùgbọ́n àwọn aláwọ̀ funfun ti pín wọn sí méjì ní ọdún 1899, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fi ààlà ya àwa náà kúrò lára àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́. Amẹ́ríkà mú apá ìlà-oòrùn, Jámánì mú apá ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí ogun bẹ́ ní ọdún 1914, àwọn ọmọ ogun New Zealand gba ti Jámánì, ọ̀gágun kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Robert Logan sì ń ṣe àkóso rẹ̀ láti ìlú Apia.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi kan tí à ń pè ní Talune gúnlẹ̀ sí Apia láti Auckland. Àrùn náà ti ń jà ní Auckland kí ọkọ̀ yìí tó ṣí. Ní Fiji, níbi tí ó kọ́kọ́ yà sí, wọ́n sé e mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé Apia, wọ́n jẹ́ kí èrò sọ̀ kalẹ̀, àti aláìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ le, kálukú sì gba ọ̀nà abúlé rẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí gbogbo agboolé fi dùbúlẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò pọn omi, kò sí ẹni tí yóò dáná. Iṣu jẹrà nínú oko, ebi sì ń pa àwọn tí àrùn kò pa. Kòtò ńlá ni wọ́n ń kó òkú sí. Nínú nǹkan bí 38,000 ènìyàn tí ń gbé apá náà, bí 8,500 ni ó kú, èyí tí í ṣe ju ẹnì kan lọ nínú ènìyàn márùn-ún.

Ìrìn tí kò tó ọgọ́rùn-ún máìlì lórí òkun ni Pago Pago wà sí Apia. Gómìnà ibẹ̀, John Poyer, ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ti gbọ́ ìròyìn àrùn náà lórí rédíò, ó sì ti ojú òkun pa. Kò dá a ṣe. Àwọn olóyè Samoa ni ó bá dìmọ̀, àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn ni wọ́n sì ń ṣọ́ etí òkun tọ̀sán-tòru, tí wọ́n ń dá ọkọ̀ àwọn ìbátan wọn padà. Ẹ ro bí èyí ti ṣòro tó! A kò kọ ẹni ilé ẹni sílẹ̀ lójú omi bí kò ṣe pé a gba ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ fún wa gbọ́. Kò sí ẹnì kan tí àrùn náà pa níbẹ̀.

Poyer tilẹ̀ ránṣẹ́ sí Apia pé òun lè ṣe ìrànlọ́wọ́. Logan kò gbà á. Inú ń bí i nítorí pé wọn kò jẹ́ kí ọkọ̀ lẹ́tà rẹ̀ wọ Pago Pago, ó sì gé ọ̀rọ̀ rédíò tí ó wà láàrín wọn. Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ ìbínú olórí kan tí ó di ẹrù ọmọ ìlú, a kò ní wá a jìnnà ju ibí lọ.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lórí ọ̀ràn náà ní ọdún 1919, ó sì dá àwọn alákòóso lẹ́bi. Àwọn ará Samoa kò gbàgbé. Ọ̀ràn àwọn òkú wọ̀nyí wà lára ohun tí ó mú wọn dára pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Mau tí ó ń bèèrè òmìnira, wọ́n sì gba òmìnira náà ní ọjọ́ kìíní ọdún 1962. Ọdún 2002 ni olórí ìjọba New Zealand, Helen Clark, tó lọ sí Apia láti tọrọ àforíjì, lẹ́yìn ọdún 84.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Amẹ́ríkà ni ó gbọ́n jù. Nílé Amẹ́ríkà gan-an, ní Philadelphia, àwọn aláṣẹ jẹ́ kí ìwọ́de ńlá tí wọ́n fi ń wá owó ogun wáyé ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, nígbà tí àrùn ti wà nínú ìlú. Bí 200,000 ènìyàn ni ó jáde. Láàrín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ti di ẹni ilẹ̀. Ọsirélíà ní tirẹ̀ sé àwọn ọkọ̀ mọ́ ojú òkun láti oṣù Kẹwàá, àrùn kò sì tàn ká inú ìlú níbẹ̀ títí ọdún 1919 fi wọlé.

Àwa náà ńkọ́? Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ Bida dé Èkó láti ilẹ̀ Góòlù Kóòsì pẹ̀lú àwọn aláìsàn nínú. Kí ìjọba tó ká ọ̀nà mọ́ ọn, àrùn ti wọ ìgboro. Nígbà náà ni wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìsìn pa, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó sì ń wọlé onílé láti wá aláìsàn kiri. Àwọn ènìyàn kò rí wọn bí olùrànlọ́wọ́. Ọ̀pá àṣẹ ni wọ́n rí. Àwọn mìíràn fi aláìsàn wọn pamọ́, àwọn mìíràn bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, àwọn mìíràn wọ ọkọ̀ ojú irin gba Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ojú irin tí a fi ń ru kòkó wá sí Èkó ru àrùn padà sí òkè. Àwọn òpìtàn ka àwọn tí ó kú ní Nàìjíríà sí nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù, nínú ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù 18.

Ibi tí ìjọba kò ti ní ọ̀rọ̀ ìtùnú, àwọn ènìyàn wá tiwọn. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Saviour, Joseph Ṣadárè kó àwọn kan jọ fún àdúrà, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Sophia Ọdúnlámì sì ń kéde pé omi òjò àti àdúrà ni ìwòsàn. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n sọ ara wọn. Ohun yòówù tí a lè rò nípa omi òjò, àwọn wọ̀nyí kò sá fún aláìsàn, láti ara wọn sì ni púpọ̀ nínú ìjọ Aládùúrà ti ṣẹ̀ wá.

Ọdún 96 lẹ́yìn náà, wọ́n tún ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé ní Èkó. Àrùn Ebola ni. Kì í ṣe àrùn tí ó kárí ayé, ṣùgbọ́n ó burú ju gágá lọ fún ẹni tí ó bá mú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan láti Làìbéríà ṣubú lulẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde ní ilé ìwòsàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń fúngun mọ́ wọn. Àwọn tí ó mọ ojúlé, tí wọ́n ti ń bá àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà tẹ́lẹ̀, ni a pè sí iṣẹ́ náà. Gbogbo ẹni tí ó fara kan aláìsàn ni wọ́n ń bẹ̀ wò lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21, tí wọ́n ń wo bí ara rẹ̀ ti gbóná tó, tí wọ́n sì ń dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Ìbẹ̀wò náà tó 18,500. Ènìyàn 20 ni ó ràn ní gbogbo Nàìjíríà, mẹ́jọ sì kú. Dókítà Adadevoh wà nínú wọn. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ, oṣù méjì kí a tó kéde pé àrùn náà ti kúrò ní ilẹ̀ wa.