ỌWỌ́ RỌ́BÀ KẸ̀KẸ́ ÀWỌN BABA WA

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń wá sí ọkàn wa nígbàkígbà tí a bá rí kẹ̀kẹ́ ológeere àtijọ́ tí a gbé ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn nínú ilé àwọn baba wa. Irin rẹ̀ ti dípẹtà. Ṣùgbọ́n ẹ wo rọ́bà dúdú méjì tí a fi ń di ọwọ́ rẹ̀ mú: ibi tí àtàǹpàkò baba ti ń tẹ̀ ti dá kòtò kékeré sí i.

Ìtàn rọ́bà kàn wá. Ní ọdún 1839, Charles Goodyear ará Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá po imí-ọjọ́ mọ́ rọ́bà, tí a sì fi iná sí i, kò ní yọ́ nínú ooru, kò sì ní gan nínú òtútù. Ní ọdún 1888, John Boyd Dunlop fi rọ́bà tí a fẹ́ atẹ́gùn sí ṣe ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ní Belfast. Láti ìgbà náà ni ayé ti ń wá rọ́bà kiri, títí ìwákiri náà fi dé inú igbó Yorùbá, níbi tí igi ìré wà. Ní ọdún 1895 nìkan, rọ́bà tí ó ti èbúté Èkó lọ sí òkè òkun ju 5,000,000 pọ́n-ùn lọ. Ṣùgbọ́n a dá igi náà lọ́gbẹ́ títí ó fi kú. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, òwò náà ti wó lulẹ̀. Ohun tí a kò fi sùúrù lò ni ó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Àwa tí a ń kọ̀wé yìí náà ti jẹ irú ẹ̀bi bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí baba wa fi ń kó kòkó lọ sí ọjà ni a fẹ́ mú dán fún ọjọ́ ìrántí rẹ̀. Kẹrosíìnì ni a dà sí ọwọ́ rọ́bà rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, rọ́bà náà ti wú, ó ń lẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́, ojú àtàǹpàkò baba wa sì ti parẹ́.

Nítorí náà, kí a má ṣe fi kẹrosíìnì, pẹtiróòlù, epo pupa tàbí ọ̀bẹ kàn án. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ó rọ̀ ti tó. Kí a fọ àárín àwọn ìlà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí a fi omi ṣàn án, kí a nù ún, kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ ní ibòji, nítorí oòrùn a máa mú kí rọ́bà sán. Bí ó bá di dandan láti yọ ọ́, kí a ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò mú bọ abẹ́ rẹ̀, kí a kán omi ọṣẹ sí i, kí a sì máa yí i. A kò gbọdọ̀ fà á tipátipá. Èyí tí ó ti sán kò lè jinná mọ́. Kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, ìdọ̀tí ni kí a fọ̀, kí a má ṣe fọ ìtàn dànù. Rọ́bà tuntun wà lọ́jà; ojú ọwọ́ baba ẹni kò sí fún títà.