Owó Orí Ọtí: Ìjọba, Ọtí Líle àti Àwọn Tó Ń Mu Ún ní Gúúsù Nàìjíríà

Láti ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861 títí di 1914 tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọjà òkè òkun kan tó mówó wọ àpò ìjọba ní gúúsù ilẹ̀ tó di Nàìjíríà tó ọtí líle. Ọtí líle nínú àlàyé yìí ni ọtí tí wọ́n gbé kaná lẹ́yìn tó ti kan, tí wọ́n gba ooru tó ń gòkè lára rẹ̀, tí wọ́n sì jẹ́ kí ooru náà tutù padà di omi tó le ju ti ìṣáájú lọ, irú bíi jíìnì àti rọ́ọ̀mù; ó yàtọ̀ sí ẹmu tàbí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, tí kíkan nìkan sọ di ọtí. Nítorí ipò tí ọtí yìí dì mú nínú ìṣúná ìjọba, ìwádìí nípa ìpalára rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń mu ún. Owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè, ó sì di àárín ọ̀rúndún ogún kí àwọn dókítà kan ní Abẹ́òkúta tó yí ìbéèrè náà padà.

Kí ọtí òkè òkun tó dé, ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ilẹ̀ aláìmutí. Wọ́n ń dá ẹmu lára ọ̀pẹ, wọ́n ń dá ògùrọ̀ lára igi ògùrọ̀ tó ń hù ní àbàtà, wọ́n ń fi àgbàdo pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, wọ́n sì ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n ṣe àgàdàgídí. Wọ́n mọ ewu rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ìtàn ìṣẹ̀dá fúnra rẹ̀ sọ pé ẹmu ló pa Ọbàtálá tó fi sùn lọ lójú ọ̀nà, tí Odùduwà sì gba iṣẹ́ dídá ayé mọ́ ọn lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí ẹmu fi di èèwọ̀ fún àwọn olórìṣà Ọbàtálá títí di òní. Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé kì í sábà tẹnu mọ́ ni pé ẹmu ní ààlà tirẹ̀ nínú. Ó ń dùn ní òwúrọ̀, ó ń le ní ìrọ̀lẹ́, láàárín ọjọ́ díẹ̀ yóò ti kan débi tí kò ní ṣeé mu mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mu sí i gbọ́dọ̀ dúró de adẹ́mu, kì í sì í sábà dá nìkan mu ún. Agbára ẹmu kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá 5 nínú 100 lọ, nígbà tí jíìnì ojúlówó ń tó nǹkan bí 40. Ìgò jíìnì lè wà ní abẹ́ ibùsùn fún ọdún kan láìyí padà, ó ṣeé kó jọ, ó ṣeé rù lọ sí ọjà jíjìnnà, ó sì ṣeé fi san gbèsè.

Ìwà tó ní yìí ló sọ ọ́ di ọjà ńlá. Nígbà òwò ẹrú, rọ́ọ̀mù àti tábà láti Bahia ní ilẹ̀ Brazil wà lára ohun tí àwọn oníṣòwò ń kó wá sí etíkun láti Ouidah dé Èkó. Lẹ́yìn tí òwò epo pupa rọ́pò òwò ẹrú, Hamburg ní Jámánì àti àwọn ìlú ilẹ̀ Netherlands ni jíìnì pọ́ọ́kú ti ń wá, nínú àwọn ìgò onígun mẹ́rin tí wọ́n tò sínú àpótí. Ní àwọn apá kan ní Niger Delta, àpótí jíìnì di owó ìná. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ó wọ ibi tí ẹmu àti obì ti wà tẹ́lẹ̀: ìdána, ìsìnkú, ìwúyè, owó ìtanràn ní ààfin. Ṣínáàpù tí àwọn ìdílé ṣì ń gbé kalẹ̀ níbi ìgbéyàwó tàbí tí wọ́n fi ń ṣe ètùtù, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti gbà ní ohun ìṣẹ̀ṣe, òwò yìí ló mú un dé.

Ní ti ìjọba, owó ibodè orí ọtí, ìyẹn owó tí oníṣòwò ń san kí ọjà rẹ̀ tó wọ̀lú, ni owó tó rọrùn jù lọ láti gbà. Èbúté ni wọ́n ti ń gbà á, lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ díẹ̀, kò sí pé à ń lépa àgbẹ̀ kiri oko. Ẹni tó mutí ló sì san án níkẹyìn láìmọ̀ pé òun ń san owó orí. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, nǹkan bí ìdajì gbogbo owó tó ń wọlé fún ìjọba ní Èkó àti ní Gúúsù Nàìjíríà ló ti ibẹ̀ wá, ó sì wà lára ohun tí wọ́n fi gbọ́ bùkátà iṣẹ́ reluwé, ti èbúté àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn òpìtàn bíi Ayọ̀dèjì Olúkọjú àti Simon Heap ti tú àwọn ìwé ìjọba ìgbà náà wò, ohun tó sì hàn nínú iṣẹ́ wọn ni pé àwọn gómìnà kì í fẹ́ fọwọ́ kan òwò náà láìkọ́kọ́ wo ohun tí yóò ṣẹ́kù nínú àpò.

Ìpàdé àwọn ìjọba Yúróòpù ní Brussels parí sí àdéhùn kan ní 1890, tó fòfin de ọtí líle ní àwọn apá Áfíríkà tí kò tíì gbilẹ̀ dé, tó sì ní kí wọ́n gbé owó ibodè lé e ní àwọn apá yòókù. Nípa àdéhùn yìí ni òkè ọya fi di ibi tí a kò gbọdọ̀ ta á fún ọmọ ìbílẹ̀, tí gúúsù sì ń rà á lọ. Àwọn oníwàásù kò gbà bẹ́ẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell àti James Johnson, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Sierra Leone, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Johnson Mímọ́, ṣáájú ìpolongo pé ọtí ń ba ilé jẹ́, ó ń sọ ènìyàn di onígbèsè, ó sì ń pa ẹ̀yà ènìyàn dúdú run díẹ̀díẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1887 láti gbógun ti títa ọtí fún àwọn ọmọ ilẹ̀ amúnisìn ń gbé ohùn wọn dé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ohun tó yẹ kó pa òǹkàwé lẹ́rìn-ín díẹ̀ ni pé àwọn òyìnbó aláṣẹ, tí kì í sábà yin ènìyàn dúdú ní ọ̀nà mìíràn, ni wọ́n wá di agbẹjọ́rò ìwà ìwọ̀ntúnwọ̀nsì rẹ̀: wọ́n ní ọmọ Yorùbá kì í mu àmupara, àti pé ọ̀mùtí pọ̀ ní London jù ní Èkó lọ. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má purọ́. Ṣùgbọ́n ìhà méjèèjì kò ní ẹ̀rí tó ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, ìhà kan ń rí ìparun níbi gbogbo, ìhà kejì kò rí ohunkóhun.

Nígbà tí ariwo pọ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ ìwádìí kan ní 1909 lábẹ́ Sir Mackenzie Chalmers, tó wá sí Gúúsù Nàìjíríà láti gbọ́ ẹ̀rí lẹ́nu àwọn ọba, ìjòyè, àlùfáà, oníṣòwò, dókítà àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìbéèrè tí wọ́n gbé ka iwájú àwọn ẹlẹ́rìí tọ́ sí àkíyèsí: ṣé ọtí ń mú kí ẹ̀yà náà rẹ̀yìn? Ṣé ó ń fa ọ̀ràn dídá? Ṣé ọtí tó ń wọlé dára tàbí kò dára? Bí wọ́n bá sì dín in kù, báwo ni ìjọba yóò ṣe rí owó mìíràn? Ìdáhùn ìgbìmọ̀ náà ni pé kò sí ẹ̀rí kankan pé ọtí ń mú ẹ̀yà náà bàjẹ́, pé ìmutípara kò wọ́pọ̀, àti pé ọtí náà kò ní májèlé. Àwọn oníwàásù bínú, wọ́n ní àwọn aláṣẹ ti ṣètò ẹlẹ́rìí. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́, àbùkù ìwádìí náà jinlẹ̀ ju ẹ̀tàn lọ. Nígbà tí a bá béèrè nípa ẹ̀yà, ẹnì kan ṣoṣo tó ń gbọ̀n ní òwúrọ̀ kí ó tó mu ife àkọ́kọ́ rẹ̀ kò lè hàn nínú ìdáhùn, aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì lè hàn. Ibùgbé alárùn ọpọlọ tí wọ́n ṣí sí Yábàá ní Èkó ní 1907 kò lè dí àlàfo yìí, nítorí pé ibi ìsénimọ́ ló jẹ́ ju ibi ìwòsàn lọ.

Ogun ló ṣe ohun tí ìwàásù kò lè ṣe. Ní 1914 ọ̀nà Hamburg dí, ọtí kò wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, owó ibodè sì já wálẹ̀. Gómìnà Àgbà Lugard, tó ti ń bu ẹnu àtẹ́ lu òwò náà tipẹ́, rí àyè láti gbé owó orí tààrà kalẹ̀, ìyẹn owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ olúkúlùkù dípò lórí ọjà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1916, ó sì dé Ẹ̀gbá ní 1918, níbi tó ti dà pọ̀ mọ́ ìbínú lórí iṣẹ́ àfipáṣe, tó sì bí Ogun Adúbí: wọ́n hú irin reluwé, wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀, ọba Òkè-Ọnà, àwọn ọmọ ogun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlà oòrùn Áfíríkà dé sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Àwọn tó ń sọ ìtàn ogun náà kì í sábà dárúkọ jíìnì, bẹ́ẹ̀ àìsí owó orí rẹ̀ wà lára ohun tó ṣí ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án 1919, àdéhùn mìíràn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Saint-Germain-en-Laye ní ilẹ̀ Faransé fòfin de ọtí pọ́ọ́kú tí wọ́n ń ṣe fún ọjà Áfíríkà, ó sì de sísè ọtí líle nílé pẹ̀lú. Jíìnì tó dára ṣì ń wọlé, ṣùgbọ́n owó ibodè rẹ̀ ga. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dojú dé lẹ́yìn 1929, tí iye owó epo àti kòkó já, agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ká a mọ́, ògógóró, ọtí líle tí wọ́n ń sè nílé, sì gba ọjà.

Bí wọ́n ṣe ń sè é kò ṣòro. Ní ilẹ̀ àbàtà Ìlàjẹ, Ìkálẹ̀, Ìjọ̀ àti Urhobo, níbi tí igi ògùrọ̀ pọ̀ sí, wọ́n ń jẹ́ kí ògùrọ̀ kan fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á dà á sínú àgbá, wọ́n á dí ẹnu rẹ̀ pa, wọ́n á sì dáná sí abẹ́ rẹ̀. Ooru ọtí, tó ń gòkè ṣáájú ooru omi, á gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, á sì máa kán sínú ìgò. Iṣẹ́ yìí rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé, ó kọ́ ilé, ó sì sọ àwọn tó ń ṣe é di arúfin, nítorí ọlọ́pàá ń fọ́ àgbá wọn, adájọ́ sì ń rán wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n. Àwọn aláṣẹ ń kéde pé májèlé ni. Ká ní ìlera ló jẹ wọ́n lógún jù, wọn ì bá ti kọ́ àwọn tó ń sè é bí a ṣe ń sè é láìléwu, tàbí kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó dé ọjà. Ohun tó dájú ni pé ògógóró kò san owó ibodè.

Ìyípadà ìbéèrè wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ní 1944, ìjọba sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Lántòrò ní Abẹ́òkúta di ibi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ọpọlọ wọn dàrú lójú Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1954 sì ni ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Àró ní ìlú kan náà bẹ̀rẹ̀ sí gba aláìsàn. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ṣètò pé kí àwọn aláìsàn máa gbé ní àwọn abúlé àyíká pẹ̀lú ẹbí wọn dípò kí wọ́n wà lẹ́yìn ògiri, ó sì fa àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ṣe ìwádìí ní àyíká Abẹ́òkúta ní 1961, àwọn ènìyàn nínú ilé wọn ni wọ́n lọ bá, kì í ṣe àwọn tó ti dé ilé ìwòsàn nìkan. Tọ́lání Asuni, tó gba ipò lẹ́yìn Lambo, gbé ìwádìí kan jáde ní 1964, kì í ṣe lórí ọtí bí kò ṣe lórí igbó mímu, èyí tí àwọn olùwádìí gbà pé ó gbilẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun ti Burma àti India padà dé. Ohun tí irú ìwádìí báyìí ń fẹ́ mọ̀ yàtọ̀: ta ni aláìsàn yìí, níbo ló ti wá, kí ló ń mu, ṣé igbó ló dá àìsàn sílẹ̀ ni àbí àìsàn ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ló sì dúró dè é nígbà tó bá padà sílé?

Òfin kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Àṣẹ ìjọba ológun ti 1966 sọ pé ẹni tó bá gbin igbó yóò kú tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21, ẹni tó bá mu ún yóò sì ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10. Wọ́n dẹ̀ ẹ́ ní 1975. Ní 1984 ìyà ikú padà wá fún àwọn tó ń ṣòwò kokéènì, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta ní 1985, wọ́n sì yọ ìyà náà kúrò ní 1986. Ní 1989 ni wọ́n dá àjọ NDLEA sílẹ̀ láti gbógun ti oògùn olóró.

Láàárín ìgbà yẹn, iṣẹ́ ìtọ́jú ń lọ ní Àró, níbi tí ẹ̀ka kan wà fún àwọn tí ọtí tàbí oògùn ti di bárakú fún, ìyẹn àwọn tí ara wọn kò lè gbádùn mọ́ láìsí i. Ẹni tó ti ń mutí gidigidi fún ọdún púpọ̀ kò yẹ kó dá a dúró lójijì láìsí olùtọ́jú, nítorí ó lè máa gbọ̀n, kí gìrì mú un, kí ó máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ó sì lè kú. Wọ́n ń fún un ní oògùn tó ń pẹ̀tù sí ọpọlọ àti fítámì B1, lẹ́yìn náà ni ìjíròrò pẹ̀lú òun àti ẹbí rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì pẹ́ ju ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n fi ń fọ ọtí kúrò lára rẹ̀ lọ fíìfíì.

Ní 2015, ikú òjijì bẹ́ sílẹ̀ ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lẹ́yìn náà ní Ìpínlẹ̀ Rivers: orí ń fọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn ń fọ́, wọ́n sì ń kú láàárín wákàtí díẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé mẹ́tánọ́lù inú ògógóró tí wọ́n mu ni, irú ọtí kan tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò, tí ara máa ń sọ di ásíìdì tó ń ba iṣan ojú jẹ́. Ìjọba fòfin de ògógóró lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìwádìí káàkiri orílẹ̀-èdè lórí oògùn olóró, tó ka ọdún 2017, rí i pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn láìgba àṣẹ dókítà tàbí lòdì sí òfin lọ́dún náà, ìwọ̀ oòrùn gúúsù ló sì ga jù, ìdá 22.4 nínú 100. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó fẹ́ ìtọ́jú kò rí i gbà.

Ọtí líle mìíràn tó wá wọ́pọ̀ ní gáréèjì ni èyí tó wà nínú ọ̀rá kékeré, tí ọmọdé lè fi pamọ́ sí àpò aṣọ ilé-ìwé, tí wọ́n sì ń pò mọ́ àgbo láti fi ṣe páràgà. Ní oṣù Kejìlá 2018, ilé-iṣẹ́ ìjọba fún ìlera àti NAFDAC, àjọ tó ń ṣàbójútó oúnjẹ àti oògùn, bá àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣe ọtí ṣe àdéhùn pé títí di ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2024, ọtí inú ọ̀rá yóò ti kúrò lọ́jà. Nígbà tí ọjọ́ pé tí NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí ti ilé-iṣẹ́ pa, àwọn òṣìṣẹ́ wọ́de lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Èkó, àwọn tó ń ṣe ọtí náà sì gbé iye owó tí wọ́n ti fi dókòwò, iye iṣẹ́ tí yóò bọ́ àti owó orí tí ìjọba yóò pàdánù ka iwájú àwọn aṣòfin. Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú di oṣù Kejìlá 2025.