Ìdánwò Ètò Kọ̀ǹpútà Nínú Ìtàn Ìdìbò Nàìjíríà, 2020 sí 2023: Ìlú Okaka Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní olójú jínjìn, òkèèrè ni í ti í mẹ́kún sun. Irú òye yìí ni ó mú kí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà yí ìlànà iṣẹ́ wọn padà. Tẹ́lẹ̀ rí, ìgbà tí wọ́n bá kọ ètò tán pátápátá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń dán an wò. Bí àṣìṣe bá farahàn nígbà náà, àtúnṣe rẹ̀ a máa gba owó àti àkókò púpọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2001, ènìyàn 17 péjọ ní Utah ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n sì fẹnu kò lórí ìlànà tí wọ́n pè ní Agile: kí iṣẹ́ máa jáde díẹ̀díẹ̀, kí ìdánwò sì máa bá a rìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1997, Kent Beck àti Erich Gamma ti ṣe JUnit, irinṣẹ́ tí ó lè tún gbogbo ìdánwò àtẹ̀yìnwá ṣe nígbàkígbà tí ọwọ́ bá kan ètò. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ kò lè béèrè ju ohun tí ènìyàn kọ sínú rẹ̀ lọ. Kókó yìí ni ìtàn ìbò ọdún 2023 fi hàn kedere.

2. Ìdánwò Díẹ̀díẹ̀

Ọ̀nà tí Àjọ Elétò Ìdìbò (INEC) gbà mú ẹ̀rọ wọ inú ìdìbò jọ ìlànà díẹ̀díẹ̀ yìí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, INEC kọ́kọ́ lo IReV, ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń fi àwòrán ìwé èsì ibùdó ìdìbò hàn, nínú ìbò kékeré kan ní ẹkùn Nasarawa Central. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ó gbé BVAS, ẹ̀rọ tí ń fi ìka àti ojú dá olùdìbò mọ̀, lọ sí ẹkùn Isoko South I ní ìpínlẹ̀ Delta. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ẹ̀rọ yìí yọnu ní àwọn ibùdó kan ní Anambra. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì lò ó ní Èkìtì àti Ọ̀ṣun ní ọdún 2022. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2023, wọ́n dán BVAS wò ní ibùdó 436, tí 12 nínú wọn wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

3. Ibi Tí Ìdánwò Kù Sí

Ní ọjọ́ 25 oṣù náà ni wọ́n di ìbò Ààrẹ pọ̀ mọ́ ti Ilé Aṣòfin Àpapọ̀. Èsì ìbò aṣòfin ń wọ IReV, ti Ààrẹ kò wọlé. Àlàyé tí INEC ṣe nínú ìjábọ̀ rẹ̀ ní ọdún 2024 ni pé ìpínlẹ̀ ni ètò náà fi ń to èsì. Bí àpẹẹrẹ, Okaka wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú. Ìbò sẹ́nétọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ẹkùn Àríwá Ọ̀yọ́. Ti Ilé Aṣojú-ṣòfin jẹ́ ti ẹkùn Ìsẹ́yìn, Ìtẹ̀síwájú, Kájọlà àti Ìwàjówà. Inú ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ẹkùn méjèèjì wà, nítorí náà ètò rí àyè fún wọn. Ṣùgbọ́n ní ti ìbò Ààrẹ, gbogbo Nàìjíríà ni ẹkùn kan ṣoṣo. Kò sí ìpínlẹ̀ kan tí ó ni ín. Ètò kò rí àyè tí yóò to irú èsì bẹ́ẹ̀ sí. Ó di aago mẹ́sàn-án alẹ́ ku ìṣẹ́jú 5 kí èsì Ààrẹ àkọ́kọ́ tó wọlé.

4. Àgbálọgbábọ̀

Ìdánwò tí INEC ṣe kò kéré níye. Ìrísí wọn ni kò pé. Gbogbo ìbò tí ó ṣáájú ni ó ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀, tàbí Abuja, nítorí náà kò sí èyí tí ó bi ètò náà ní ìbéèrè tí ìbò Ààrẹ bi í. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé àìgbé èsì sórí IReV kò sọ ìbò di asán. Síbẹ̀, ẹni tí ó dìbò ní Okaka kò ní ọ̀nà láti wo inú ètò kọ̀ǹpútà. Ìlérí tí INEC ṣe ni pé yóò rí èsì ibùdó rẹ̀ láìpẹ́. Nígbà tí kò rí i, kò sí bí ó ṣe lè mọ̀ bóyá àṣìṣe ni tàbí màgòmágó. Nítorí náà, ìdánwò ètò ìdìbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ó wà lára ohun tí ará ìlú fi ń gba èsì gbọ́. Ìbò tí ó tóbi jù lọ ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dán wò ní ìrísí rẹ̀ gan-an, kí ọjọ́ ìbò tó pé.